Ọdún Tí Wọ́n Gbẹ́jọ́ Ẹsẹ̀ Bàbá Mi

Nílé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu ṣàìsàn. O lè fi ara ṣe é, ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kí o la ẹnu kí o sọ ọ́ jáde, ìyá mi kò ní gbà. Bí ibà bá dá mi wó, tí ẹnìkan bá yọjú láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bọ́sẹ̀, ara ńkọ́?", ohun tí mo gbọ́dọ̀ wí ni pé adúpẹ́, ara ti le. Eyín mi á máa gbá ara wọn, aṣọ ìbora méjì á wà lórí mi, ara á sì ti le. Ọmọ ìjọ Aládùúrà dé mùdùnmúdùn ni ìyá mi, ó sì gbà pé ohun tí a bá fi ẹnu pè ló ń dáni lóhùn. Ó ní ọ̀tá wà lẹ́yìn fèrèsé tó ń tẹ́tí, tó ń wá ẹni tí yóò bá a fọwọ́ sí ìwé àìsàn. Bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ sójà ti kọ́ òun náà ní ẹ̀kọ́ yìí kan náà láti ọ̀nà mìíràn: sójà kì í sọ fún ọ̀gá pé ó rẹ òun. Ẹ da ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ sínú ilé kan, ẹ ó mọ irú ẹbí tí a jẹ́. Títí di òní tí irun mi ti funfun, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà tó bi mí pé báwo ni, adúpẹ́ ni mo ń sọ fún un, òun náà á sì máa wò mí pé kí ni mo wá wá.

Ilé náà wà lẹ́yìn gáréèjì Challenge, ilé oníyàrá mẹ́jọ tí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú síra wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni àwọn ọmọ gáréèjì yóò ti máa pe Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù, Èkó, bí ẹni pé àwọn ìlú náà ló sọnù. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi á gbà á lẹ́nu wọn, nítorí òun ló ń rán aṣọ funfun fún ìjọ wa àti fún ìjọ méjì mìíràn. Bútà Alhaji Ràímì, awakọ̀ tó gba yàrá tó kángun sẹ́yìn, á dún lórí símẹ́ńtì bó bá ń ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàbá mi á wá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: ọ̀kan á tẹlẹ̀ gbì, èkejì á wọ́ tẹ̀lé e. Inú ilé nìkan ni o. Bó bá ti kan ìta, á na ara, á gbé ẹsẹ̀ náà bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é, títí yóò fi yí kọ́nà tí a kò ní rí i mọ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbé omi kaná láràárọ̀, kí n rẹ aṣọ ìnura sínú rẹ̀, kí n gbé e fún ìyá mi kó fi jó orúnkún náà, lẹ́yìn ìyẹn kí n gbálẹ̀, kí n lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà. Àpá ibẹ̀ dúdú, ó sì ń dán. Wọ́n ní kí n má máa tẹjú mọ́ ọn.

Irin bọ́ǹbù ló wà nínú orúnkún náà. Ó wọbẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé, lẹ́bàá odò kan tí bàbá mi kì í dárúkọ. Irin náà ti bá a gbé kó tó bí mi, wọ́n sì ti mọwọ́ ara wọn. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń wí yìí, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Dókítà kan ní Jericho ya fọ́tò egungun rẹ̀, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi bírò tọ́ka sí i, ó ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi iṣan ńlá kan. Ó ní òun kò lè dá a dáwọ́ lé. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ológun l'Ékòó ló ní irinṣẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá yọ ọ́ kó tó di ìgbà ọyẹ́, gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà láti itan. Ilé ìwòsàn àwọn ológun kò sì ní gba sójà tó ti fẹ̀yìn tì láìjẹ́ pé ó mú ìwé kan dání, ìwé tí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ yóò ti kọ ọ́ sí pé ogun ló ṣe é. Ìwé kan ṣoṣo. Bàbá mi rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò gbà.

Ìwé tó dé sọ pé ogun kọ́ ló ṣe é. Bàbá mi kà á lóòró, ó tún kà á níjokòó. Àwọn tó kọ ọ́ ní àwọn ti yẹ fáìlì Sájẹ́ńtì wò látòkèdélẹ̀, àwọn kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé bọ́ǹbù bà á. Ohun tí àwọn rí ni pé ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ nígbà kan rí, ẹgbẹ́ náà sì gba ife. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bọ́ọ̀lù ló ba orúnkún jẹ́. Bí kò bá sì jẹ́ bọ́ọ̀lù, a jẹ́ pé ọjọ́ ogbó ni. Bàbá mi kò tíì pé ọmọ ọdún márùnlélógójì. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kó mú ìwé tí dókítà ojú ogun fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà wá, àti ẹlẹ́rìí méjì tó dúró sí ìtòsí rẹ̀ nígbà tí bọ́ǹbù balẹ̀. Bàbá mi ní àwọn tó dúró sí ìtòsí òun ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo bá a rẹ́rìn-ín sí. Ohun tó ya gbogbo ilé lẹ́nu ni pé sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Sójà ló ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò, sójà ló dúró ní ìkóríta Challenge pẹ̀lú kòbókò, tó ń to àwọn èèyàn sórí ìlà bọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tilẹ̀ gbà pé ọmọ ìjọba ni mí. Sójà ni bàbá mi, sójà ló kọ̀wé sí, sójà ló sì dá a lóhùn pé bọ́ọ̀lù ni.

Bàbá mi kò fẹ́ pẹjọ́. Ó ní ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Alhaji Ràímì ló bá a wí pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ó sì fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ akọ̀wé onítáípù kan ní Dùgbẹ̀. Akọ̀wé náà bi wọ́n bóyá ìwé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tàbí ìwé ìhalẹ̀. Bàbá mi mú ìwé ẹ̀bẹ̀. Odindi ojú ewé àkọ́kọ́ jẹ́ ìkíni àti ìtẹríba. Ẹsẹ̀ kò yọjú títí a fi dé ìdajì ojú ewé kejì. Wọ́n fi fọ́tò egungun tì í, ó lọ. Ó lé ní oṣù méjì kí èsì tó dé pé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta yóò jókòó ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, kí olùpẹjọ́ wá fúnra rẹ̀. Alhaji ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí a kì bá tilẹ̀ rí ẹni rán ẹsẹ̀ náà sí wọn.

Ìgbà yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàbá mi bí a ṣe ń ṣàìsàn. Bí a bá ti jẹ ẹ̀bà tán nírọ̀lẹ́, Alhaji Ràímì á jókòó sórí àpótí aṣọ ìyá mi, á dé fìlà, á di alága ìgbìmọ̀. Bàbá mi á dúró níwájú rẹ̀. Alhaji á ní, "Ẹ káàbọ̀, Sájẹ́ńtì, ara ńkọ́?" Bàbá mi á ní adúpẹ́. Alhaji á ṣí fìlà, á ní kó má dúpẹ́, ẹjọ́ ló wá rò. Wọ́n á tún un ṣe. Bàbá mi á gbìyànjú, á ní ara kò fi bẹ́ẹ̀, á wá dúró síbẹ̀, á ní àmọ́ adúpẹ́. Lọ́jọ́ kan ó sọ ọ́ délẹ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹ̀rọ ìyá mi dákẹ́ lójijì. Ó ní kó má ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ pè é mọ́ o, ó ní kó wí tẹ̀lé òun pé òun kó ọ̀rọ̀ náà padà. Bàbá mi kó o padà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀rọ̀ nìyẹn. Alhaji fẹ́ "ó ń dùn mí gan-an". Ìyá mi ní òun lè san "kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn". Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n parí rẹ̀ sí "ó ń fẹ́ àmójútó". Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé mi, kí n sì máa bi bàbá mi léèrè rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àmúrelé. Ó mọ̀ ọ́n lórí dáadáa.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, Alhaji dábàá kí bàbá mi wọ aṣọ gbígbó kó sì mú ọ̀pá. Ìyá mi wò ó bí ẹni tó bú ìdílé wa. Ó ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ọkọ òun kò ní lọ síwájú àwọn èèyàn ńlá bí alágbe. Ó fi sítáàṣì sí ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú gún ṣòkòtò, ó fi àmì ẹ̀yẹ ogun sí àyà kóòtù, ó sì kun bàtà. Àsìkò ìsinmi ni, nítorí náà ó ní kí n tẹ̀ lé e, kí n máa rán an létí ohun tó wà nínú ìwé. A dé ọ́fíìsì náà, a rí i pé àjà kẹta ni ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹsẹ̀ wà, kò sì sí ẹ̀rọ agbénisókè. Ọkùnrin kan tó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo jókòó sí ìsàlẹ̀ àkàbà pẹ̀lú igi abíyá méjì, ó ní òun ń dúró kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ní ó di ìgbà kẹta tí òun wá. Bàbá mi kí i, ó na ara, ó gun àkàbà náà láìdúró. Mo rí òógùn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba kọ́là tí ìyá mi lọ̀.

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, bàbá onírùngbọ̀n funfun tó mọ èèyàn kí. Dókítà kan jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀, obìnrin akọ̀wé kan lósì. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Sájẹ́ńtì, ẹ káàbọ̀. Ara ńkọ́?"

Bàbá mi lu ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó kí i ní kíkí sójà. "Adúpẹ́, sà. Ara le."

Mo fa etí kóòtù rẹ̀. Alága ní, "Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ọlọ́run ń ṣe é, sà."

"Ẹ sì ń rí oorun sùn?"

"À ń sùn, à ń jí, sà. Ọpẹ́ ló yẹ Ọlọ́run."

Obìnrin akọ̀wé ń kọ gbogbo rẹ̀. Dókítà ní kó tẹ orúnkún, ó tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ kò yí padà rárá. Wọ́n bi í bóyá ó dùn ún, ó ní díẹ̀, sà. Inú alága dùn, ó ní irú sójà tí wọ́n ń rí láyé àtijọ́ nìyẹn, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè ilé-ẹ̀kọ́ mi, ó sì sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. "Ó ń fẹ́ àmójútó" wà nínú ìwé mi, kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tán, bàbá mi ra ẹ̀pà fún mi, ó ní kí n jókòó jẹ ẹ́ tán ká tó lọ. Mo jẹ ẹ́ kíákíá kí n má baà dá a dúró. Ó ní kí n rọra jẹ ẹ́, ó tún ra òmíràn. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀ pé òun ló fẹ́ jókòó.

Ìdájọ́ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàbá mi ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ìyá mi lẹ́sẹẹsẹ. Ó ní olùpẹjọ́ gun àkàbà dé àjà kẹta láìlo ọ̀pá. Ó ní ó dúró ṣánṣán, aṣọ rẹ̀ sì mọ́. Ó ní nígbà tí a bi í, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun le, òun ń sùn, òun ń jí, Ọlọ́run sì ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Ìgbìmọ̀ kò wá rí ìdí tí ìjọba yóò fi dá sí iṣẹ́ tí Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní kan ṣoṣo ló kù fún un láti tún wá, lẹ́yìn ìyẹn ó parí. Ìyá mi ní kó tún gbólóhùn ti Ọlọ́run yẹn kà. Ó tún un kà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kò ké nílé wa lọ́jọ́ náà, wọ́n sì wá béèrè aṣọ wọn láti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò rí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn orúnkún náà wú. Bí mo bá gbé omi gbígbóná wá, ooru ara ẹsẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti omi lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo máa ń wo ṣòkòtò bàbá mi lórí okùn aṣọ, mo máa ń rò ó pé apá kan rẹ̀ á ṣófo, mo sì ń sunkún lẹ́yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní bi mí pé ara ńkọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìjókòó kejì pé, ìyá mi kò gún aṣọ kankan. Ó wọ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀, kò wọ bàtà, ó ní òun ń bá wa lọ. Àjà kẹta náà ni, alága kan náà ni, wọ́n kàn fi èèyàn méjì kún un kó lè di ìgbìmọ̀ àgbà. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹta lórí àkàbà. Alága tún rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Sájẹ́ńtì, a tún ríra. Ara ńkọ́?" Bàbá mi ti ń la ẹnu.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn," ni ìyá mi wí. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà náà, ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, irọ́ ni ọkọ mi ń pa fún yín. Èmi ni mo kọ́ wọn. Ara wọn kò yá. Ẹsẹ̀ yẹn ń dùn wọ́n láàárọ̀, ó ń dùn wọ́n lọ́sàn-án. Èmi ni mò ń bá wọn ki ẹsẹ̀ bọ ṣòkòtò. Bí wọ́n bá wọ balùwẹ̀, wọ́n á máa da omi sílẹ̀ gbàràgbàrà, kí a má baà gbọ́ ẹkún wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn ni mo ti ń gbọ́ omi yẹn."

Èmi ni mò ń pọn omi náà. Mo ti kùn títí pé bàbá mi ń fi omi ṣòfò, mo tilẹ̀ ti fẹjọ́ rẹ̀ sun Alhaji. Alága kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi bàbá mi bóyá òótọ́ ni. Bàbá mi kọ́kọ́ wo ojú tèmi, mo sì wolẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ó ń wò mí bóyá mo gbọ́.

"Òótọ́ ni, sà."

Akọ̀wé gbé bírò sókè, kò mọ̀ bóyá kí òun kọ ọ́. Alága ní, "Ẹ kọ ọ́." Nígbà tí a ń padà lọ sílé nínú ọkọ̀ Alhaji, bàbá àti ìyá mi kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo rò pé wọ́n ń jà.

Ìwé tó dé lẹ́yìn ìyẹn gbà pé ogun ló ṣe é. Kò sí fáìlì tuntun, kò sí dókítà ojú ogun, kò sí ẹlẹ́rìí méjì. Bọ́ọ̀lù àti ọjọ́ ogbó kàn pòórá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kó lọ sí Èkó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó sì máa wá lọ́dọọdún wá fi hàn wọ́n pé ara rẹ̀ kò tíì yá, lórí àjà kẹta. Kí n má fi yín sínú àníyàn: wọ́n yọ irin náà. Orúnkún kò tẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì ni bàbá mi gbé wọ pósí nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ìyẹn sì ju ohun tí bọ́ọ̀lù ìbá ṣe fún un lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìnàjò náà, torí pé ìyá mi ti sọ fún ìjọ pé a óò dúpẹ́.

Ìdúpẹ́ sì ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó ṣáájú wa jẹ́rìí pé ọ̀fun òun tó wú ti lọ sílẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e jẹ́rìí pé ojú òun ti là. Kí ni àwa fẹ́ sọ? Pé Olúwa ti ràn wá lọ́wọ́, ìjọba ti gbà pé abirùn ni bàbá wa? Alàgbà ìjọ pe orúkọ rẹ̀. Bàbá mi dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá níbi tí àwọn tí kì í wá déédéé máa ń jókòó sí. Mo ń retí kó na ara bó ṣe máa ń ṣe bó bá ti kan ìta. Kò na ara. Ó wọ́ ẹsẹ̀ náà nílẹ̀ láti ẹ̀yìn dé iwájú, lójú gbogbo ìjọ, kò sì yára. Alàgbà bi í pé kí ni Olúwa ṣe fún un.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," ni bàbá mi wí. "Ó ń dùn mí gan-an ni."

Ẹnìkan lẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Ọlọ́run má jẹ́, ó gbé e mì. Agogo dákẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Nígbà náà ni ìyá mi dìde láàárín àwọn obìnrin, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó ní, "Halelúyà."